Bí A Ṣe Lè Bá Agbọ́n, Aláǹtakùn àti Àwọn Ẹ̀dá Ẹ̀yìnkùlé Mìíràn Gbé

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé máa ń bi wá bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀: agbọ́n ti kọ́lé sí etí páànù, aláǹtakùn ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn ọmọ sì rí àkeekèé nídìí igi ìdáná, kí ni kí àwọn fọ́n sí wọn? Ìdáhùn wa ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó yẹ kí ẹ fọ́n rárá. Ibi tí ẹ̀dá náà wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bí ojú rẹ̀ ṣe burú tó. Agbọ́n tó wà lórí ẹ̀ka máńgòrò lókè réré kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́lé sókè ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, níbi tí orí àgbàlagbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ǹjẹ́ ó wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà, tàbí níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó?
2. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ilé tí agbọ́n tàbí oyin ti ta rí, tí ojú tàbí ọ̀fun rẹ̀ wú, tàbí tí èémí rẹ̀ há? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ohun tí ẹlòmíràn lè fara dà lè gba ẹ̀mí rẹ̀.
3. Kí ló fà á wá? Iná alẹ́, eku, omi tó dúró, èso tó jẹrà àti igi tí a kó jọ ló máa ń fa ọ̀pọ̀ wọn.
4. Kí ni ó ń jẹ? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn, aáyán tàbí kòkòrò tó ń ba oko jẹ́ ni, ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó lé e.

Bí kò bá sí lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tí ìbéèrè kejì kàn, ẹ fi í sílẹ̀. Mẹ́ta péré ni a yọ kúrò nínú òfin yìí: oyin tó wọ inú ògiri tàbí àjà, ejò, àti ikán. Ikán kì í ta ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó lè jẹ igi òrùlé tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun ògiri, ẹ há a kúrò, kí ẹ sì padà lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan; bí wọ́n bá ti tún un mọ, wọ́n ṣì wà nínú ilé, ẹ sì nílò kááfíńtà tó mọ iṣẹ́ láti yẹ igi òrùlé wò.

Agbọ́n: ẹ mọ irú èyí tó wà níwájú yín

Agbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ni èyí tí ilé rẹ̀ so rọ̀ lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí àwọn ihò rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀ ní gbangba. Igi gbígbẹ tí òjò àti oòrùn ti nà ni wọ́n máa ń fi ẹnu há, wọn a rún un mọ́ itọ́, wọn a sì fi mọ ilé náà, ìdí nìyí tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí páálí tó ti gbó. Kòkòrò tó ń jẹ ewé ni wọ́n ń ṣọdẹ láti fi bọ́ ọmọ. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo ti ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé sí oko wa, kò sí àgbẹ̀ ní Ìjùmú tàbí Yàgbà tó yẹ kó máa lé agbọ́n kúrò lẹ́bàá oko àgbàdo láìnídìí.

Ẹ wo wọn dáadáa láti ibi tí ẹ dúró sí. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ilé wọn jù, gbogbo àwọn tó wà lórí rẹ̀ yóò kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò gbé ìyẹ́ sókè láìfò, àwọn mìíràn yóò sì na ẹsẹ̀ iwájú. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rọra fà sẹ́yìn nígbà náà, láìju ọwọ́, ara wọn yóò balẹ̀. Ẹni tó bá ju ọwọ́ tàbí tó sọ òkò ni wọ́n máa ń lé.

Agbọ́n kejì ni èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri, sẹ́yìn àwòrán, sínú ihò kọ́kọ́rọ́ tàbí sínú páìpù jẹnẹrétọ̀. Òun nìkan ló ń dá gbé, kò ní ogun tí yóò kó jáde, kò sì wọ́pọ̀ kó ta ènìyàn àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ẹ bá la amọ̀ náà, ẹ lè bá aláǹtakùn kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ra nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọn kò tíì kú, agbọ́n ti ta wọ́n rọ ni, kí wọ́n lè jẹ́ oúnjẹ tútù fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá pa. Irú mìíràn nínú wọn wà tó jẹ́ pé kòkòrò ajewé ló ń tò síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ihò róbótó lójú amọ̀ náà, ọmọ ti fò lọ, ẹ lè fi ọ̀bẹ há a dànù. Bí amọ̀ ṣì tutù, tó sì wà nínú páìpù tàbí ihò iná mànàmáná, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ tó dí léwu ju agbọ́n fúnra rẹ̀ lọ.

*Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé agbọ́n sílẹ̀*

1. Ẹ fi ọ̀pá tàbí okùn pààlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí gbogbo ará ilé mọ̀ pé a kì í gba ibẹ̀.
2. Ẹ ṣí okùn aṣọ, àga àti jẹnẹrétọ̀ kúrò nítòsí, nítorí pé ariwo àti gbígbọ̀n máa ń mú wọn bínú.
3. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa òkò. Èyí gan-an ni orísun ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá tí a ń gbọ́.
4. Ẹ máa yọjú wò ó láti òkèèrè. Ilé yìí kì í wà títí. Bó bá yá, wọn yóò pa á tì, ẹ ó sì bá a lófo.

*Bí ilé náà ṣì kéré*

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àkókò tó dára jù lọ. Ìyá kan ṣoṣo tàbí àwọn díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun, kò sì tíì ju àtàǹpàkò lọ. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú ara wọn yá, ẹ fi ọ̀pá gígùn gbá a lulẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kíá. Ó lè padà wá tún un bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà. Ẹ tún gbá a lulẹ̀ títí tí yóò fi wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ń yẹ etí páànù, àká àti ṣáláńgá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà yìí kò ní nílò èyí tó tẹ̀ lé e.

*Bí ilé náà bá ti tóbi, tí kò sì ṣeé fi sílẹ̀*

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba oró agbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí. Bí ilé náà bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi gun àkàbà, ẹ má ṣe é. Ènìyàn tí agbọ́n ta lórí àkàbà yóò ṣubú kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

1. Ní ọ̀sán, ẹ yẹ ọ̀nà wò: ibi tí ẹ ó dúró sí, ibi tí ẹ ó sá gbà, ilẹ̀kùn wo ni yóò wà ní ṣíṣí.
2. Ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ omi kó nípọn dáadáa, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú páǹpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko, èyí tí a kò fi fọ́n oògùn apakoríko rí. Ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ni kòkòrò fi ń mí, omi ọṣẹ a sì máa wọ inú rẹ̀ níbi tí omi lásán kò ti lè wọ̀.
3. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó nípọn, ṣòkòtò tí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́, àti fìlà tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò títí dé ọrùn.
4. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti padà sílé, tí òtútù sì ti mú wọn. Ẹ gbé iná tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ síbi tó jìnnà sí yín díẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ orí, torí pé ibi tí iná wà ni wọn yóò fò lọ.
5. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ náà bò ó láìdúró, kó rin gbingbin, lẹ́yìn náà kí ẹ rìn kúrò. Ẹ má ṣe dúró wò bóyá ó ṣiṣẹ́.
6. Ní òwúrọ̀, bí kò bá sí èyí tó ń rìn lórí rẹ̀ mọ́, ẹ fi ọ̀pá gbá a lulẹ̀, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ há ọrùn rẹ̀ kúrò lára igi. Igi òrùlé tí a bá kùn ní ọ̀dà kì í wù wọ́n tó igi gbígbẹ tó hàn sí ìta.

*Àṣìṣe tó wọ́pọ̀*

- Iná. A mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń lo ògùṣọ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ páànù onígi, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, ilé ni ẹ ń dáná sun.
- Pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n dà sí i láti ìsàlẹ̀, tó sì ń kán padà sí ojú ẹni tó dà á.
- Fífọ́n fílíìtì ní ọ̀sán, nígbà tí ìdajì wọn wà lóko tí wọn yóò sì padà wá bínú.

Oyin tó wọ ilé

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má ṣe é fúnra yín. Oyin ilẹ̀ wa a máa gbèjà ilé rẹ̀ kíkankíkan, bí ọ̀kan bá sì ta ènìyàn, òórùn tó jáde lára rẹ̀ ń pe àwọn yòókù wá. Agbo oyin tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lásán, tí kò ní ilé, ìrìn-àjò ló ń bá lọ, ó sì sábà máa ń ṣí lọ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ kó àwọn ọmọ àti ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ kúrò nítòsí, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ògiri ni wọ́n wọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí ihò wọn, torí pé wọn yóò wá ọ̀nà gba inú yàrá yín jáde. Ẹ pe àwọn tó ń sin oyin, wọ́n lè kó wọn lọ sínú àpótí tiwọn.

Bí oyin bá dìde sí yín, ẹ sá, kí ẹ má sì dúró gbá wọn. Ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, ẹ sá tààrà títí ẹ ó fi wọ ilé tàbí ọkọ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má bẹ́ sínú odò, nítorí wọn yóò dúró dè yín lókè omi.

Ọ̀rọ̀ kajú náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, èso kajú tó bọ́ sílẹ̀ tó sì ń kan a máa fa oyin, agbọ́n àti eṣinṣin wọ inú ọgbà. Ẹ máa ṣà á ní àràárọ̀, kí ẹ sì ri ohun tí ẹ kò bá lò mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé. Kí àwọn ọmọ máa fi igi yí èso kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mú un, torí abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò máa ń wà. Bákan náà ni ẹ gbọdọ̀ wo inú igbá ẹmu kí ẹ tó gbé e sẹ́nu, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Oyin tó ta ènìyàn ní ọ̀fun lè dí ọ̀nà èémí.

Aláǹtakùn

Nínú gbogbo ẹ̀dá tí a mẹ́nu kàn, òun ni wọ́n ń pa láìṣẹ̀ jù lọ. Aláǹtakùn pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n yà á síbẹ̀, tó sì ń sá fẹ̀ẹ́ bí a bá tan iná, aáyán àti kòkòrò alẹ́ ló ń ṣọdẹ. Èyí tó kéré tó ń fò kiri lójú fèrèsé ń pa eṣinṣin àti ẹ̀fọn. Ní ìhà Adágún Victoria ní Kẹ́ńyà, irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ló fẹ́ràn jù lọ láti jẹ. Tiwa kò yan oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tí a dá lábàá ni pé kí ẹ pín ilé sí méjì. Lókè ibi ìdáná, lórí ibùsùn àti ibi tí a ń jẹun, ẹ fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn gbá òwú wọn kúrò lóòrèkóòrè. Ní ìta fèrèsé, lábẹ́ páànù, nínú àká àti lára odi, ẹ jẹ́ kí ó wà. Bí òwú ńlá bá di ojú ọ̀nà láàárín ẹ̀gẹ́, kò pọn dandan kí ẹ já gbogbo rẹ̀: ẹ fi igi gbé okùn kan tó so ó mọ́ apá kan lọ sí apá kejì, onítọ̀hún yóò tún un ṣe.

Láti gbé e jáde nínú yàrá láìpa á:

1. Ẹ fi ife tó mọ́ gaara bò ó mọ́ ògiri.
2. Ẹ rọra ki páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ife àti ògiri.
3. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkínní, ẹ má fi òwú aláǹtakùn dí ojú ọgbẹ́ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Eruku àti kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀ lè fa àrùn sínú ọgbẹ́. Aṣọ mímọ́ tí a tẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin ti tó. Èkejì, kì í ṣe gbogbo egbò tí a bá jí bá lára ni aláǹtakùn jẹ. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní pupa àti dúdú lára, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tó máa ń tẹ̀ lé iná wọlé lásìkò òjò. Kì í ta ni, kì í sì í gé ni jẹ, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa sára, omi ara rẹ̀ a máa jó awọ bí iná, ojú ibẹ̀ a sì lé ròrò lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù tàbí kí ẹ jẹ́ kó gun bébà kúrò. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi ọwọ́ náà kan ojú.

Àkeekèé àti ejò

Ilẹ̀ wa kún fún àpáta, abẹ́ òkúta sì ni ilé àkeekèé. Àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta, tó sì ń kó o ní ìrọ̀lẹ́, gbọdọ̀ máa fi igi yí i kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé títóbi kọ́ ni oró: àkeekèé dúdú ńlá tí ọwọ́ rẹ̀ nípọn tí ìrù rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ kì í léwu tó èyí tó kéré, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìrù rẹ̀ sì ki. Ohun kan tó rọrùn láti fi wá wọn ni tọ́ọ̀ṣì kékeré aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò. Ẹ tan án sí ẹsẹ̀ ògiri àti ìdí igi ìdáná nínú òkùnkùn, àkeekèé yóò tàn yòò ní àwọ̀ ewé.

Ejò, ní tirẹ̀, eku ló ń tẹ̀ lé. Ilé tí gàrí àti àgbàdo wà nílẹ̀ láìdé ni eku ń wá, ejò sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, àwọn méjèèjì a máa sá wọ ìlú, nítorí náà kí oṣù Kejìlá tó dé ni kí ẹ ti gé koríko yí ilé ká.

Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Igi ìdáná àti búlọ́ọ̀kù kò fara kan ògiri ilé, orí pẹpẹ ni igi wà.
- Oúnjẹ wà nínú ohun tó ní ìdérí, a sì ti dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn.
- Ibùsùn kò kan ògiri, a sì ki etí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bọ abẹ́ tìmùtìmù. Kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló ń dí lọ́wọ́.
- A ń gbọn bàtà àti aṣọ kí a tó wọ̀ wọ́n.
- Ẹni tó bá ń lọ sí ṣáláńgá lóru mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó sì wọ bàtà.

Bí ejò bá wọ ilé, ẹ kó ènìyàn jáde, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kí ẹ sì pe ọdẹ tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n mú. Ẹni tó bá fẹ́ pa á ni ó lè bù ṣán.

Ìjàlọ

A mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí yóò ṣòro fún àwọn kan: bí ìjàlọ bá wọ ilé, ẹ jáde fún wọn. Wọn kò wá gbé ibẹ̀. Aáyán, àkeekèé, ọmọ eku àti ohun gbogbo tó fara pamọ́ sínú àjà ni wọ́n ń wá, bí wọ́n bá sì fi máa lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n ti bá yín gbá ilé dé ibi tí ìgbálẹ̀ kì í dé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí kò lè sá.

1. Ẹ gbé ọmọ ọwọ́, aláìsàn àti arúgbó jáde kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.
2. Ẹ tú ewúrẹ́ àti ajá sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilé adìẹ. Adìẹ tó ń sàba kì í fẹ́ dìde. Ẹ gbé e kúrò pẹ̀lú ẹyin rẹ̀. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ ni ìjàlọ ń pa.
3. Ẹ dé oúnjẹ, tàbí kí ẹ gbé e jáde.
4. Bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lásán, ẹ fi eérú gbígbẹ tó nípọn pààlà síwájú ilẹ̀kùn. Ẹ má da pẹtiróòlù sí ọ̀wọ́ wọn kí ẹ sì ṣáná sí i.
5. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ gbọn ibùsùn àti aṣọ, nítorí pé àwọn díẹ̀ a máa ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Ọmọńlé, aláǹgbá àti ọ̀pọ̀lọ́

Ọmọńlé kò ní oró. Bí ó bá já sínú ọbẹ̀, ẹ da ọbẹ̀ náà nù nítorí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru tó lè wà lára rẹ̀, kì í ṣe nítorí májèlé. Bí ẹ bá dé ìkòkò, ọ̀rọ̀ tán. Aláǹgbá ń jẹ èèrà àti ikán. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ kòkòrò púpọ̀ lóru, àmọ́ omi funfun tó ń yọ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí a bá fún un mọ́lẹ̀ ní oró: kí ọmọ tó bá mú un fọ ọwọ́, kí ẹ sì fi omi ṣan ẹnu ajá tó bá bù ú jẹ.

Oògùn apakòkòrò

Ó tó kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kéékèèké DDVP, oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper, ní ọjà gbangba àti ilé ìtajà ńlá, nítorí pé oko ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe yàrá. Síbẹ̀, a ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ń fọ́n ọn sí abẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ń dà á sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Otapiapia tí wọ́n ń rọ sínú ìgò láìní orúkọ tún burú ju ìyẹn lọ, torí pé ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n pò.

Ẹ má rọ oògùn kankan sínú ìgò ohun mímu. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Bí ó bá ti ta ènìyàn tàbí bù ú ṣán

*Agbọ́n àti oyin.* Oyin a máa fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú awọ, abẹ́rẹ́ náà a sì máa bá a lọ láti tú oró sára. Ẹ fi èékánná há a kúrò kíá, torí yíyá ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tí ẹ gbà yọ ọ́ lọ. Agbọ́n kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè ta ènìyàn léraléra. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ bọ́ òrùka kí ìka tó wú, kí ẹ sì gbé aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e. Kẹrosíìnì àti ìtọ̀ kò ṣe àǹfààní kankan.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò bí ojú, ahọ́n tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, bí ara rẹ̀ bá lé káàkiri, bí èémí rẹ̀ bá há, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí bí ó bá ń bì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tí ọ̀pọ̀ ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ dà bí ẹni pé ó le. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí ó bá jẹ́ èémí ló há, ẹ jẹ́ kó jókòó.

*Àkeekèé.* Fún àgbàlagbà, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi omi tútù sí i, kí ẹ sì fún un ní oògùn ìrora. Ọmọdé gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn, pàápàá bí ó bá ń làágùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

*Ejò.* Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ tàbí apá pinpin, ẹ má sì dúró de òkúta dúdú tí àwọn kan gbà pé ó ń fa oró jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má bàa mì, bí a ti ń ṣe fún egungun tó kán, kí ẹ sì gbé e. Kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ọ̀kadà nìkan ló wà, kó jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti ẹnì kan tí yóò dì í mú láti ẹ̀yìn. Bí ejò bá tu oró sí ojú, ẹ da omi tó mọ́ sí i léraléra fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò nígbà gbogbo. Ẹ ti gba nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín sílẹ̀ nísinsìnyí, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba ní Kàbà tàbí ti Lọ́kọ́ja, kí ẹnì kan pè wọ́n bí ẹ bá ti ń gbé aláìsàn sọ́kọ̀ọ́, kó bèèrè bóyá ó wà nílẹ̀. Ẹ ya àwòrán ejò náà bí ẹ bá lè yà á láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ má lé e. Ẹ mú oògùn tí aláìsàn ń lò lójoojúmọ́ dání, kí ẹ sì sọ aago tí ó bù ú ṣán fún dókítà.